X-ray tó ń rí ẹran ara àti iṣan ẹ̀jẹ̀: Bí ohun tí wọ́n fojú fò láti ọdún 1895 ṣe di ìmọ̀ ńlá

Ẹni tó bá ti ya X-ray rí ní ilé ìwòsàn yóò ti ṣàkíyèsí pé eegun ló máa ń hàn ketekete nínú fọ́tò náà. Eegun á funfun, á dá yàtọ̀, dókítà á sì lè nàka sí ibi tó ti sán tàbí ibi tó ti yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran tó yí eegun náà ká, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba inú ẹran náà kọjá, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ, bí òjìji kan náà ni gbogbo wọn máa ń rí. Ojú kò ní lè sọ pé ibí ni ọ̀kan parí sí, ibí ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn àìsàn tó ń pa èèyàn jù kì í sábà sí nínú eegun. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí tàbí tó bẹ́ ló ń fa rọpárọsẹ̀, iṣan tó dí ló sábà ń mú kí ọkàn daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, inú ẹran ara tó rọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ máa ń fara pamọ́ sí.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń ṣiṣẹ́ gidigidi lórí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà ya àwòrán inú ara. Phase contrast ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé wọ́n rí ìtànṣán tuntun, ìtànṣán X-ray tí gbogbo ayé ti mọ̀ náà ni wọ́n ń lò. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ń wò lára ìtànṣán náà lẹ́yìn tó bá ti la ara kọjá. Apá kan wà nínú ìròyìn tí X-ray ń mú bọ̀ láti inú ara tí wọ́n ti ń dà nù láti ìbẹ̀rẹ̀, apá yẹn gan-an ló sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa ẹran ara.

ÒJÌJI NI FỌ́TÒ X-RAY

Wilhelm Conrad Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì ní yunifásítì ìlú Würzburg lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló ṣàwárí ìtànṣán yìí lọ́jọ́ 8, oṣù kọkànlá, ọdún 1895. Nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù kejìlá ọdún náà, ó fi ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, Anna Bertha. Eegun ìka obìnrin náà hàn, òrùka tó wà ní ìka rẹ̀ hàn, ẹran ọwọ́ rẹ̀ sì dà bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí wọn ká. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe fún un ní ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ físíìsì lọ́dún 1901.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Bí ìtànṣán X-ray bá ń la ara kọjá, ara á gba díẹ̀ dúró nínú rẹ̀, ìyókù á sì bọ́ sórí fíìmù. Calcium pọ̀ nínú eegun, ó sì máa ń gba ìtànṣán dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n hydrogen, carbon, nitrogen àti oxygen ló pọ̀ jù nínú ẹran ara, agbára wọn kò sì tó nǹkan láti dá X-ray dúró. Ẹ̀jẹ̀ pàápàá, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣan, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ àti ẹran tó yí i ká ń gba ìtànṣán dúró ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí òjìji wọn fi máa ń dà pọ̀ mọ́ra.

OÒGÙN TÓ Ń MÚ KÍ IṢAN HÀN, ÀTI EWU INÚ RẸ̀

Kò pẹ́ rárá tí àwọn oníṣègùn fi rí àléébù yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, nígbà tí àwárí Röntgen kò tíì pé oṣù mẹ́ta, Eduard Haschek àti Otto Lindenthal ní ìlú Vienna da àdàlú kan tí X-ray kò lè là já sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ kan tí ẹ̀mí kò sí nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Iṣan náà hàn bí ẹ̀ka igi. Àmọ́ ohun tí wọ́n dà sínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè dà sí alààyè lára.

Ọdún 1927 ni Egas Moniz, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Potogí, tó ṣàṣeyọrí ní ìlú Lisbon láti ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ alààyè. Èròjà tó ní iodine nínú ló fi ṣe é. Kó tó débẹ̀, ó ti kọ́kọ́ fi èròjà bromide gbìyànjú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn tó fi dán an wò sì kú. Lẹ́yìn náà ni Thorotrast dé, oògùn kan tí wọ́n fi thorium ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 títí wọ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n fi ń fà á sí àwọn aláìsàn lára, nítorí pé ó ń fi iṣan hàn dáadáa. Àṣé thorium náà ń tú ìtànṣán olóró jáde fúnra rẹ̀, bó bá sì ti wọ ara tán, inú ẹ̀dọ̀ ló máa ń jókòó sí tí kò ní jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàgbé fọ́tò tí wọ́n yà ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ mú púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà.

Oògùn òde òní, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní contrast, dára ju àwọn ti ìṣáájú lọ fíìfíì, ó sì ń gba ẹ̀mí là lójoojúmọ́. Iodine ló wà nínú èyí tí wọ́n sábà máa ń fà sínú iṣan fún X-ray. Síbẹ̀, ara àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́, àwọn dókítà sì máa ń ṣọ́ra gidigidi kí wọ́n tó fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ láti ọdún 1896 kò yí padà: ṣé X-ray kò lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn da nǹkan sínú rẹ̀ ni?

ÌGBÌ NI ÌTÀNṢÁN, ÌGBÌ SÌ NÍ ÌṢÍSẸ̀

Lọ́dún 1912 ni iṣẹ́ tí Max von Laue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìlú Munich fi hàn gbangba pé ìgbì ni X-ray, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ṣe jẹ́ ìgbì, àfi pé ìgbì tirẹ̀ kúrú púpọ̀púpọ̀. Ohun tó bá sì jẹ́ ìgbì, bó bá kúrò nínú nǹkan kan bọ́ sínú òmíràn, ó máa ń tẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igi tó gúnlẹ̀ sínú omi fi máa ń dà bí ẹni pé ó ti ṣẹ́. Röntgen fúnra rẹ̀ wá títẹ̀ yìí lára X-ray nínú ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò rí i kó dá a lójú. Kì í ṣe pé X-ray kì í tẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ ló kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ohun èlò ìgbà náà kò fi lè mọ̀ ọ́n.

Bí èèyàn méjì bá jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹsẹ̀ wọn jọ ń bọ́ sílẹ̀, tí ọ̀kan wá gba orí ọ̀dà, tí èkejì gba inú yanrìn, ó lè má rẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn méjèèjì ló máa dé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, ẹsẹ̀ wọn kò ní jọ máa bọ́ sílẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbì X-ray tó gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kọjá àti èyí tó gba inú ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Iye wọn tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ wọn ti yàtọ̀. Ìyàtọ̀ inú ìṣísẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní phase contrast.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Pẹ̀lú irú X-ray tí wọ́n fi ń yẹ ara wò, ipa tí ẹran ara ń ní lórí ìṣísẹ̀ ìgbì lè tó ìlọ́po 1,000 ipa tó ń ní lórí gbígba ìtànṣán dúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fíìmù kò mọ ìṣísẹ̀. Iye ìtànṣán tó bọ́ sórí rẹ̀ nìkan ló lè kà. Àfi kí èèyàn wá ọgbọ́n tó máa sọ ìyàtọ̀ ìṣísẹ̀ di dúdú àti funfun tí ojú lè rí.

Frits Zernike, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti dá irú ọgbọ́n yìí fún ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré ní àwọn ọdún 1930. Kó tó dé, ńṣe ni wọ́n máa ń pa sẹ́ẹ̀lì láró kí wọ́n tó lè rí inú rẹ̀, aró náà sì sábà máa ń pa á. Ọ̀nà Zernike jẹ́ kí wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì láàyè láìpa á láró, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1953. Ohun tó ṣe fún sẹ́ẹ̀lì ni àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ ṣe fún odidi ẹ̀yà ara pẹ̀lú X-ray.

ÀWỌN TÓ LA Ọ̀NÀ NÁÀ

Lọ́dún 1965, Ulrich Bonse àti Michael Hart gé ẹyọ crystal silicon kan lọ́nà tó fi lè pín ìtànṣán X-ray sí méjì, tó sì tún lè dà wọ́n pọ̀ padà. Ọ̀kan á gba inú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò kọjá, èkejì kò ní gba ibẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, ibi tí ìṣísẹ̀ wọn bá ara mu á mọ́lẹ̀, ibi tí kò bá mu á ṣókùnkùn. Ọgbọ́n yìí ni Atsushi Momose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórílẹ̀-èdè Japan mú dé orí ẹran ara. Lọ́dún 1996, wọ́n fi àwòrán ẹ̀dọ̀ ehoro tó ní jẹjẹrẹ hàn, ibi tó ní àrùn sì dá yàtọ̀ láìpa á láró. Lọ́dún 2000, wọ́n gbé ìròyìn mìíràn jáde pé àwọn rí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀ eku láìlo oògùn contrast rárá. Nígbà tó di 2002, omi iyọ̀ irú èyí tí wọ́n máa ń fà sí aláìsàn lára ni wọ́n lò dípò contrast nínú ẹ̀dọ̀ eku, àwọn iṣan tín-ín-tín sì jáde síta.

Ọ̀nà kejì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dúró létí odò tó mọ́ gaara lọ́sàn-án yóò rí àwọn ilà ìmọ́lẹ̀ tó ń jó lórí yanrìn ìsàlẹ̀. Omi náà kò gba ìmọ́lẹ̀ dúró tó nǹkan, ojú omi tó ń mì ló tẹ ìmọ́lẹ̀, tó kó o jọ síbì kan, tó fọ́n ọn ká níbòmíràn. Lọ́dún 1995, Anatoly Snigirev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Grenoble lórílẹ̀-èdè Faransé fi hàn pé bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán jìnnà díẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń yà, irú ilà bẹ́ẹ̀ á yọ létí gbogbo nǹkan tó tẹ X-ray. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Stephen Wilkins àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Australia fi hàn pé kò pọn dandan kí ìtànṣán náà jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo kó tó ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1997, Dean Chapman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà kẹta ní Brookhaven, ìpínlẹ̀ New York, níbi tí wọ́n ti fi crystal ṣẹ́ ìtànṣán tó tẹ̀ yọ kúrò lára èyí tí kò tẹ̀.

ÌDÍ TÍ KÒ FI TÈTÈ DÉ ILÉ ÌWÒSÀN

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ní ibi tí synchrotron wà. Ẹ̀rọ ràgàjì ni synchrotron. Inú òrùka ńlá kan ni electron ti máa ń sáré yíká, tí eré wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ìmọ́lẹ̀, bí irin òòfà bá sì ti ń yí wọn lójú ọ̀nà ni wọ́n máa ń tú X-ray jáde. Èyí tó wà ní Grenoble tó mítà 844 yíká. X-ray tó ń jáde níbẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ilé ìwòsàn lọ ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìlọ́po, ó sì tò bí ọmọ ogun lórí pápá. Ti ilé ìwòsàn dà bí èrò ọjà, olúkúlùkù ń rìn ní ìṣísẹ̀ tirẹ̀. Ìṣísẹ̀ tí kò bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sì ṣeé fi wọn ìyàtọ̀ ìṣísẹ̀.

Ọdún 2006 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Franz Pfeiffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórílẹ̀-èdè Switzerland lo àwo pẹlẹbẹ mẹ́ta tí wọ́n fín ilà wẹ́wẹ́ sí lára bí eyín òòyà. Àwo àkọ́kọ́ á pín X-ray sí ìlà-ìlà tí ìṣísẹ̀ kálukú wọn tò, àwọn méjì yòókù á sì fi bí ìtànṣán ṣe tẹ̀ hàn. Pẹ̀lú èyí, ẹ̀rọ X-ray lásán lè ṣe ohun tí synchrotron nìkan ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 2006 yìí kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi synchrotron ìlú Trieste lórílẹ̀-èdè Ítálì yẹ ọmú àwọn obìnrin wò, àwọn tí X-ray ilé ìwòsàn kò fi ohun tó dájú hàn lára wọn. Ní Munich, àwo olójú òòyà ni ikọ̀ Pfeiffer lò fún ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró máa ń fọ́n X-ray ká, ẹ̀rọ náà sì lè fi fífọ́nká yìí ya àwòrán. Bí àrùn bá ti ba àpò wọ̀nyí jẹ́, àwòrán náà á ṣókùnkùn níbẹ̀. Lọ́dún 2021, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde lórí àwọn aláìsàn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ nípasẹ̀ àrùn tó ń dínà èémí, irú èyí tí sìgá mímu sábà máa ń fà. Iye ìtànṣán tí àwọn aláìsàn náà gbà kò jìnnà sí èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò àyà lásán.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍNÚ Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ ÀWỌN TÍ COVID-19 PA

Lọ́dún 2020, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún synchrotron Grenoble ṣe, Paul Tafforeau níbẹ̀ àti àwọn onímọ̀ láti University College London, tí Peter Lee àti Claire Walsh wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lórí ẹ̀yà ara àwọn tó ti kú, èyí tí wọ́n yọ̀ǹda fún ìwádìí. Wọ́n á rẹ ẹ̀yà ara náà sínú ethanol, wọ́n á fi agar dì í mú nínú ike kó má baà mì, wọ́n á sì máa yí i lójú X-ray. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde. Wọ́n lè ya odidi ọpọlọ tàbí ọkàn èèyàn, kí wọ́n rí ohun tó kéré tó nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta mìlímítà, kí wọ́n sì tún sún mọ́ ibi tó bá wù wọ́n títí dé nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Ultrasound àti MRI náà ń fi ẹran ara hàn, wọ́n sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ilé ìwòsàn kò lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú odidi ẹ̀yà ara.

Ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí Covid-19 pa wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Oríṣi iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró: ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ gba atẹ́gùn, èkejì ń bọ́ ẹran ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀. Àwòrán náà fi hàn pé nínú àwọn tí àrùn náà mú gidigidi, ọ̀nà là láàárín méjèèjì, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Àwọn dókítà ti ń fura sí èyí tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọn kò rí i nínú odidi ẹ̀dọ̀fóró rí. Láti ìgbà náà, wọ́n ti tọpa iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú odidi kíndìnrín èèyàn láti ẹnu iṣan ńlá títí dé àwọn ẹ̀ka kéékèèké, nígbà tó sì di 2024, wọ́n gbé àwòrán odidi ọkàn méjì jáde, ọ̀kan tó dá ṣáṣá àti ọ̀kan tó ní àrùn.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ DÚRÓ

Èyí kò túmọ̀ sí pé aláìsàn lè lọ sí Grenoble kí wọ́n yẹ iṣan ọkàn rẹ̀ wò báyìí. Iye ìtànṣán tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń gbà pọ̀ ju èyí tí alààyè lè fara gbà lọ. Bí wọ́n bá dín ìtànṣán kù, àwòrán kò ní mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Alààyè kò tún lè dúró láìmì, ọkàn rẹ̀ ń lù, èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ lórí alààyè fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmú àti ẹ̀dọ̀fóró, tí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ṣì wà lára ẹran ìwádìí àti òkú. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ní ti Áfíríkà, kò tíì sí synchrotron kankan ní kọ́ńtínẹ́ǹtì náà. Gúúsù Áfíríkà wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo ti Grenoble lọ́dún 2013, Íjíbítì sì wà lára àwọn tó ni SESAME, èyí tí wọ́n ṣí lórílẹ̀-èdè Jordan lọ́dún 2017. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ adúláwọ̀ àti àwọn alátìlẹyìn wọn ṣèpàdé ní Grenoble lórí bí Áfíríkà ṣe máa ní tirẹ̀. Àwo olójú òòyà tó ń bá ẹ̀rọ X-ray lásán ṣiṣẹ́ kò nílò irú òrùka ńlá bẹ́ẹ̀, òun ló sì súnmọ́ ilé ìwòsàn jù.

Títí dìgbà náà, oògùn contrast ni ilé ìwòsàn máa lò bí wọ́n bá fẹ́ fi X-ray rí iṣan ẹ̀jẹ̀ alààyè. Kò yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ mú aláìsàn sá fún àyẹ̀wò tí dókítà ní kó ṣe, nítorí iṣan tó dí kì í dúró de ẹ̀rọ tuntun. Ohun tó yẹ ni kí aláìsàn sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa oògùn náà sí i lára bí kíndìnrín rẹ̀ bá ní ìṣòro, bí ara rẹ̀ bá ti kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí, tàbí bí obìnrin bá wà nínú oyún.